Ta Ló Di Ọmọ Náà Lọ́wọ́ Mú? Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa Nípa Títọ́ Ọmọ Tí Yóò Yege



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ìyá kan dìde, ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní: "Kí ni kí á ṣe kí àwọn ọmọ wa lè yege ní ìlú yìí, kí wọ́n kàwé, kí wọ́n níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tí a ó máa fi yangàn?" Kíá ni ìdáhùn ti ń wá láti igun gbogbo. Àwọn kan ní kí á wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn ní lẹ́sìn nílé. Àwọn kan ní ilé-ìwé olówó ńlá ni kí á mú wọn lọ. Àwọn mìíràn ní kí á kúkú kó wọn lọ sílé, kí wọ́n lọ máa gbé ilé-ìwé ní Nàìjíríà títí wọn yóò fi gbọ́n. Ìpàdé parí, ìbéèrè kò parí.

Nígbà tí a délé, a rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. A rí i pé ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn Yorùbá tó ti ṣáájú wa dé Ìlú Ọba béèrè rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn yẹn kó èrè wá, ó sì kó omijé wá. Ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tó bá jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

ILÉ MÉJÌ NÍ ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti ilé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn òbí tí ọmọ wọn yege, a kò lè ṣàì dárúkọ ilé Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta. Bàbá, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìyá, Fúnmiláyọ̀, wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ilé-ìwé náà kọ́kọ́ gbà ní 1914. Ó wá kàwé ní Ìlú Ọba níbí láti 1919 sí 1922, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní 1925. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tọ́ dàgbà. Dolúpọ̀ di nọ́ọ̀sì. Olíkóyè di oníṣègùn àwọn ọmọdé, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti 1985 sí 1992. Fẹlá di olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Beko di dókítà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tí ẹ̀wọ̀n kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Kò jìnnà sí wọn, ní Aké, ni ilé ìbátan wọn wà, ilé Samuel Ayọ̀délé Ṣóyinká, ọ̀gá ilé-ìwé St Peter's. Inú ilé yẹn ni Wọlé Ṣóyinká dàgbà sí, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ, ní 1986. Ó kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ sínú ìwé tí ó pè ní *Aké*, tó jáde ní 1981.

Ohun kan wà nínú ilé méjèèjì yìí tí ó yẹ kí á fi ojú sí. Àwọn ọmọ inú ilé nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ọmọ àgbàtọ́ kún inú ilé. Àwọn òbí láti abúlé àti láti ìlú mìíràn ń mú ọmọ wọn wá bá ọ̀gá ilé-ìwé tàbí àlùfáà, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa tọ́ ọ." Ní ilé Ṣóyinká, orí ẹní nínú yàrá ìyá ni àwọn ọmọ ilé àti àwọn ọmọ àgbàtọ́ jọ ń sùn. Ní ilé Ransome-Kuti, bàbá kò ṣe ojúsàájú fún ọmọ tirẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Kódà, Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ẹgba pọ̀ nínú ilé àwọn. A kò ní fi ìyẹn pamọ́, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ mú pàṣán jáde. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ti rí ohun tí lílù ń ṣe sí ara ọmọ àti sí ọkàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgba ló mú wọn yege. Àwọn ọmọ náà ń rí òbí wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń rí ohun tí òbí ń ṣe. Láti 1944 ni ẹgbẹ́ ìyá wọn ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Láti 1947 títí di 1949 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà lórí owó orí, títí tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ìyá Wọlé náà wà nínú ìjà yẹn. Ojú àwọn ọmọ yìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ìgboyà àti iṣẹ́ ìlú fún wọn. Nínú ilé ni wọ́n ti bá a.

ÀWỌN TÓ WÁ KÀWÉ NÍ ÌLÚ ỌBA

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni òùngbẹ ìwé gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Òmìnira ń bọ̀, iṣẹ́ ìjọba ń ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá sì ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kò ní wá iṣẹ́ tì.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń dá nìkan wá. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tó wá kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1944 sí 1946. Ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá, mọ̀lẹ́bí sì wà ní tòsí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1950 síwájú, tọkọtaya ń jọ wá, àwọn méjèèjì sì ń kàwé. Ọkọ ń kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó, ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwa nọ́ọ̀sì kò lè gbàgbé ìyá wa Kọfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, tí ó sì padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, wọ́n sì bímọ. Ibo ni ọmọ yóò gbé? Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, òtútù sì wà nínú rẹ̀. Onílé kan kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, òmíràn kò fẹ́ ọmọ. Kò sí òfin tó ka irú ìyẹn léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé títí di 1968. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án kò tó nǹkan. Ìyá ní iṣẹ́ òru lọ́la, bàbá ní ìdánwò lọ́túnla. Kò sí ìyá àgbà nínú ilé, kò sí àbúrò, kò sí aládùúgbò tí a lè ké pè.

Ni wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn *Nursery World*: akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ń wá ilé rere fún ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin òyìnbó láti Kent, láti Sussex, láti Essex ń dáhùn. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni òbí ń san owó. Wọ́n ń gbé ọmọ lọ, òmíràn kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì máa lọ wò ó bí ààyè bá ṣí sílẹ̀. Láti ọdún 1955 ni nǹkan yìí ti gbilẹ̀, ó sì kọjá ọdún 1970 dáadáa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yìí kọjá, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI ṢE É?

Àwọn òyìnbó kan wí nígbà náà pé àwọn òbí wọ̀nyí kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Irọ́ gbáà ni. Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe ń jìyà. Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n ṣe. Ṣebí wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n mú lọ sí ilé ọ̀gá ilé-ìwé ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, tí wọ́n di èèyàn ńlá? Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Lójú wọn, obìnrin Kent yẹn náà jẹ́ alágbàtọ́, ilé rẹ̀ tún ní ọgbà, ọmọ yóò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì já gaara.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni alágbàtọ́ Abẹ́òkúta, ọ̀tọ̀ ni ti Kent. Alágbàtọ́ Abẹ́òkúta gbọ́ èdè tí òbí gbọ́. Ó mọ ìdílé ọmọ, ó lè ki í, ó lè bá a wí lórúkọ baba rẹ̀. Bí ọmọ bá jáde, gbogbo ojú tó ń wò ó mọ ẹni tó jẹ́. Bí alágbàtọ́ bá ṣìwà hù, ẹjọ́ rẹ̀ yóò dé etí àgbà ìlú. Ọmọ náà kò kúrò nílé rárá. Yàrá mìíràn nínú ilé kan náà ni wọ́n gbé e lọ.

Ní Kent, ọmọ nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní òpópónà. Àwọn alágbàtọ́ kan ṣe ojúṣe wọn tìfẹ́tìfẹ́, ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni pé àwọn ló bí i. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fún un ní ohun tí wọn kò ní. Nígbà tí òbí bá wá gba ìwé ẹ̀rí tán lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí wọ́n wá mú ọmọ wọn, ọmọ á máa sunkún, á di obìnrin tó mọ̀ ní ìyá mú. Àjèjì méjì ló wá gbé e lọ.

Ìtàn ẹnìkan wà tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Adéwálé Akínnúoyè-Àgbájé, òṣèré tí ẹ rí nínú eré tẹlifíṣàn *Lost*, ni a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury, ní Essex, tọ́ láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n mú un lọ sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ èdè, kò mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dá a padà. Ní Tilbury wọ́n ń lù ú nítorí àwọ̀ rẹ̀, títí òun náà fi lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìta tó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Yorùbá, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adéwálé, ó ń bá àwọn tó kórìíra ẹ̀yà rẹ̀ rìn! Lẹ́yìn náà ó gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní King's College, ó di gbajúmọ̀ òṣèré, ó sì fi ìgbé ayé rẹ̀ ṣe fíìmù kan ní 2018, tó pè ní *Farming*.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí a bá fi ìwé ẹ̀rí àti òkìkí wọn yíyege, ọkùnrin yìí yege. Ohun tó san kó tó débẹ̀ ni ìbéèrè tiwa. Òbí wo nínú wa ló fẹ́ kí ọmọ òun san án?

Àwa náà ti rí i lójú ara wa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan wọlé tó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó jókòó sẹ́yìn títí a fi parí. Ó wá yọ ìwé kan nínú àpò, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ Yorùbá gígùn. Ó ní etí òkun ni wọ́n ti tọ́ òun, òun kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ náà bó ṣe yẹ rí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é fún mi." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló pè é. Obìnrin náà ní kó tún un pè. A kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sunkún nínú wa.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ LÓNÌÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́ pátápátá. Ní February 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, Victoria Climbié, kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Ivory Coast ni. Àwọn òbí rẹ̀ fi lé àǹtí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè rí ẹ̀kọ́ tó dára gbà ní ilẹ̀ òkèèrè. Àǹtí yìí àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló fìyà jẹ ẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Lord Laming, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2003, sọ pé ó kéré tán ìgbà 12 ni àwọn òṣìṣẹ́ ì bá ti gba ọmọ náà là. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wà lára wọn. Ìtìjú gbogbo wa ni.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba fi èyí sọ́kàn: bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ẹbí tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí ẹ sọ fún káńsù ṣáájú. Bí ọmọ bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, títí dé ọdún 18 ni. Bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ni òfin kà sí ẹbí tímọ́tímọ́. Ọ̀rẹ́ ẹni kò sí níbẹ̀, ọmọ ìjọ ẹni kò sí níbẹ̀, àǹtí òbí kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ yín. Wọ́n fẹ́ kí ojú kan máa wò ó ni, bí ìlú ṣe ń wo ọmọ ní Abẹ́òkúta.

ÀWA ŃKỌ́?

Bóyá ẹnìkan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Èmi kò fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ." Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Àwa nọ́ọ̀sì mọ bí ó ṣe ń rí. Iṣẹ́ òru mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, a sì tún gba ti ọjọ́ ìsinmi lé e, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ. A kọ ìwé kékeré sára fìríìjì: oúnjẹ wà nínú abọ́ pupa, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó sùn. Ọmọ jí, a ń sùn. A jí, ọmọ ti lọ. Tẹlifíṣàn àti fóònù ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tọdún 1960 gbé ọmọ wọn lọ sí Kent, àwa gbé Kent wọ inú yàrá ọmọ.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé kò ṣe é fi ìfẹ́ nìkan san. Ohun tí a ń sọ ni pé, kí á tó na owó lórí lẹ́sìn, lórí ilé-ìwé ńlá, tàbí lórí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé ọmọ lọ sílé, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni yóò di ọmọ náà lọ́wọ́ mú? Bí a bá ní ìdáhùn gidi, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dára. Bí a kò bá ní, kò sí èyí tí yóò dára níbẹ̀.

Ó ṣe é ṣe láti ibi tí a wà yìí. Kí á yan oúnjẹ kan lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé yóò jọ jẹ, tí fóònù kankan kò ní dé orí tábìlì. Kí á máa bá ọmọ sọ Yorùbá láti ọjọ́ tí a bí i. Kò ní dí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́, ilé-ìwé yóò kọ́ ọ ní ìyẹn. Kí á máa pe orúkọ rẹ̀ pé, kí á sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Kí á mú un dání bí a bá ń lọ ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, kó rí wa níbi tí a ti ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń gbé nítòsí ara wọn lè pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ òru lọ́jọ́ náà máa wo ọmọ gbogbo wọn. Igba ojú ni à ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa yíyege fúnra rẹ̀. Ní 1958, ẹbí Ransome-Kuti rán Fẹlá wá sí Lọ́ńdọ̀nù kó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó dé, ilé-ìwé orin ló bá lọ. Ẹ fojú inú wo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nínú ilé tiwa! Síbẹ̀ okùn tó so ìyá mọ́ ọmọ kò já. Ní 1977, nígbà tí àwọn sójà kọlu ilé Fẹlá ní Èkó, inú ilé ọmọ yẹn ni ìyá wà. Wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé, ó sì kú ní April 1978. Ọ̀dọ̀ ọmọ tí kì í ṣe dókítà yìí ni ìyá wà lọ́jọ́ náà, ọmọ náà sì fi orin sunkún rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́.

Ọmọ tí a di lọ́wọ́ mú lè gba ọ̀nà tí a kò rò. Yóò mọ ọ̀nà ilé.

Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ṣì ń lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ wá, kí ẹ̀yin náà sì jókòó pẹ̀lú wọn. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á jẹ èrè ọmọ. Ire o.